Ọwọ́ Tó Tẹ Ọwọ́ Alùpùpù: Ìtàn Àtúnṣe Ìjókòó Ọlọ́kadà ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ eèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ogun nìkan. Ohun tí ó ń fi yé ni ni pé ibi tí a ti di nǹkan mú ni agbára tí a ní lórí rẹ̀ wà. Bí ó ti rí fún jagunjagun àti idà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọlọ́kadà àti ọwọ́ alùpùpù rẹ̀, ìyẹn irin gbọọrọ tí ó dábùú iwájú alùpùpù, tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú láti darí rẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì máa ń pè ní áńdù.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ takuntakun lórí ìtàn agbègbè tí iṣẹ́ yìí dá lé. Ogun Jálumi tí ó wáyé ní Ìkìrun ní ọdún 1878 kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Karin Barber náà gbé oríkì, àwọn obìnrin àti ìtàn ìlú Òkukù yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1991. Síbẹ̀, ìtàn kò pin sọ́dọ̀ ọba àti ológun. Bí ará ìlú ṣe ń jókòó sórí ohun ìrìnnà rẹ̀, bí ẹ̀yìn ṣe ń dùn ún, àti ohun tí ó ṣe kí ẹ̀yìn náà lè sinmi, ìtàn ni pẹ̀lú. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé títú bóòtì mẹ́rin àti yíyí irin kan síwájú tàbí sẹ́yìn jẹ́ ẹ̀rí bí àwọn ènìyàn ṣe sọ ẹ̀rọ tí àjèjì ṣe di tiwọn, ó sì tún ń fi ara ẹni tí ó ń ru ìnira ọrọ̀ ajé hàn.

Láti Ojú Irin dé Orí Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Ìkìrun, Inísà àti Òkukù wà lójú ọ̀nà kan náà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà. Ìkìrun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni ti Odò-Ọ̀tìn, tí Inísà náà wà nínú rẹ̀. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Nínú ọkọ̀ ojú irin, èrò lásán ni ará ìlú. Ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Kò ní ọwọ́ kankan nínú ìdarí rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó fi ìdarí lé mẹ̀kúnnù lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ Raleigh láti ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbajúmọ̀ láàrin àwọn àgbẹ̀, olùkọ́ àti oníṣòwò. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yìí ṣeé gbé sókè, ó sì ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Bóòtì kan ni ó wà lórí ọ̀pá rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi sípánà tú u díẹ̀, tí ó rọra fi òòlù kàn án lórí, yóò rí i pé ọwọ́ náà dẹ̀, yóò sì gbé e sí ibi tí ó bá ara rẹ̀ mu. Nítorí náà, ìmọ̀ pé a lè mú ohun ìrìnnà bá ara ẹni mu ti wà nílẹ̀ kí alùpùpù tó di ti gbogbo ayé.

Alùpùpù Òṣìṣẹ́ Ìjọba

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ Udoji ti ọdún 1974, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbéra sókè, wọ́n sì san ti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi owó náà ra ohun ìrìnnà. Lára àwọn alùpùpù ìgbà náà ni Honda kéékèèké tí wọ́n jẹ́ ẹbí Super Cub, èyí tí ilé-iṣẹ́ Honda gbé jáde ní Jàpáànù ní 1958. Nígbà tí ó fi máa di 2017, iye Super Cub tí wọ́n ti ṣe káàkiri àgbáyé ti lé ní mílíọ̀nù 100.

Ohun tí ó yẹ ní àkíyèsí ni pé ọwọ́ irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kò ṣeé yí. Páànù ni wọ́n tẹ̀ bò ó, tí àwọn wáyà sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ara ẹni tí ó gùn ún ni yóò bá ẹ̀rọ náà lò. Èyí kò ni òṣìṣẹ́ tí ó ń fi í lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí ó sì ń fi í bọ̀ nírọ̀lẹ́ lára púpọ̀, nítorí ìrìn rẹ̀ kò gùn, òun nìkan ni ó sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀.

Ọ̀kadà àti Ìjókòó Orí Táǹkì

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ ní 1986, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP, yí nǹkan padà. Náírà já wálẹ̀, owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àìríṣẹ́ṣe sì gbilẹ̀. Alùpùpù tí ó jẹ́ ohun ìrìnnà ẹnìkan di ohun tí a fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Orúkọ ọ̀kadà tí wọ́n fún un wá láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tí ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè é. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1997, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu ará ìlú.

Àwọn alùpùpù tí ó bá iṣẹ́ yìí mu jù ni irú Honda CG125 tí ó jáde ní àárín àwọn ọdún 1970, àti àwọn tí ilẹ̀ Ṣáínà fi ṣe àwòkọ́ṣe. Lẹ́yìn náà ni Bajaj Boxer láti ilẹ̀ Íńdíà dé. Ọwọ́ tiwọn jẹ́ páìpù irin kan tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ orí iwájú, nítorí náà ó ṣeé yí.

Ẹni méjì ni wọ́n ṣe ìjókòó alùpùpù fún. Ọlọ́kadà tí ó bá gbé èrò méjì, tàbí èrò kan pẹ̀lú àpò ẹrù tí ó ti ọjà dé, kò ní ibòmíràn tí yóò sún sí ju orí táǹkì epo lọ. Nígbà náà ni ọwọ́ alùpùpù yóò súnmọ́ àyà rẹ̀ jù: ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yóò yọ síta, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yóò sì wọ́. Ohun tí yóò bẹ mẹkáníìkì ni pé kí ó bá òun ti áńdù síwájú. Bí ó bá wá di alẹ́ tí ó ń dá nìkan relé, tí ó jókòó sí àyè rẹ̀ gan-an, yóò ní láti nà gbọọrọ kí ó tó mú ọwọ́ náà, èjìká àti ìbàdí yóò sì gbà á. Ọwọ́ tí ó bá èrò méjì mu kò bá awakọ̀ fúnra rẹ̀ mu. Ibí yìí ni ìnira ọrọ̀ ajé ti di ìnira ara.

Ọ̀nà Àtúnṣe àti Ewu Rẹ̀

Ìjókòó tí ó dára ni èyí tí ẹ̀yìn ti nàró láìle, tí ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ díẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ sì tọ́ bá apá. Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ yóò jẹ́ kí awakọ̀ jókòó sí àyè rẹ̀ kí ó tó dẹ bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn tí ó bá ti yí ọwọ́ náà, yóò tún irin bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì gbé kí wọ́n lè ṣe déédéé pẹ̀lú ìka, yóò sì fún àwọn bóòtì náà lọ́gbọọgba.

Ohun tí àwọn mìíràn máa ń gbójú fò ni wáyà. A gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ náà dé òpin ọ̀tún àti dé òpin òsì kí alùpùpù tó gbéra. Bí wáyà tí ó ń mú ẹ́ńjìnnì sáré bá le, alùpùpù lè máa sáré fúnra rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ yà. Bákan náà, irin tí wọ́n jó pọ̀ lọ́dọ̀ wẹ́dà kí ó lè ga sí i lè ṣẹ́ lójijì, nítorí iná máa ń sọ irin di aláìlágbára.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto fún ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀. Òfin náà bójú tó orí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí tí ó wà nínú akoto kò lè gba ara rẹ̀ bí ọwọ́ tí ó ń darí ọ̀kadà bá ti kú tipiri tàbí tí bíréèkì kò sí níbi tí ìka lè tètè dé.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìtàn ọwọ́ alùpùpù ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù bá ìtàn ọrọ̀ ajé rìn: láti orí ojú irin tí ará ìlú kò ti ní ìdarí, dé orí kẹ̀kẹ́ tí ó ṣeé mú bá ara mu, dé orí alùpùpù òṣìṣẹ́ tí kò ṣeé yí, títí dé orí ọ̀kadà tí wọ́n ń yí nítorí èrò àti ẹrù. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2006, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan sì wà ní Òkukù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti di ara èrò ojú ọ̀nà yìí. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ tí ń bọ̀ lọ́nà rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn sí ìsọ̀ mẹkáníìkì láti gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì bi àwọn ọlọ́kadà àgbà léèrè ibi tí ó ń dùn wọ́n lára àti ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ láìkọ, àwọn tí wọ́n fi ara gbà á yóò kọjá lọ, ìmọ̀ tí wọ́n ní yóò sì bá wọn lọ.