Ẹ Yẹ Ẹrù Wò Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Síwèé

Ẹ̀yin ọlọ́jà ẹgbẹ́ wa ní Warri, ẹ gbọ́ o. Owó èsúsú ni mo fi ra páálí abọ́ tánganran kan l'Ékòó. Nígbà tó dé gáréèjì, mo fọwọ́ síwèé, mo gbé e relé. Ìgbà tí mo tú u, àfọ́kù ló kún inú ẹ̀. Mo padà lọ, wọ́n ní, "Ṣebí ẹ ti fọwọ́ sí i?" Ẹnu mi wọhò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ o. Láyé Nana Olomu, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kógun ja Ebrohimi lọ́dún 1894, epo pupa ni ọjà ńlá odò Benin tó wà nítòsí wa níbí. Inú àgbá onígi ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Bí àgbá bá là, epo á jò, ilẹ̀ á pọ́n. Ta ló fẹ́ jiyàn?

Lọ́dún 1956, Malcom McLean, ará Amẹ́ríkà, kó kọ̀nténà 58 sínú ọkọ̀ Ideal X láti Newark lọ sí Houston. Iṣẹ́ yá lóòótọ́, àmọ́ kọ̀nténà kì í jò bí àgbá. Nǹkan lè fọ́ nínú ẹ̀ kí ìta máa dán.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kó ẹ̀rọ olówó ńlá fi ń lẹ àmì kékeré kan mọ́ ẹrù lónìí. Bí wọ́n bá fi ẹrù nálẹ̀ gan-an, àárín àmì náà á pọ́n, kò sì ní padà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tó jù ú o. Àfi kí ẹni tó gbà á wò ó lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ̀rọ̀.

Òfin ẹrù ojú omi tí wọ́n ṣe ní Brussels lọ́dún 1924, tó wọ òfin Nàìjíríà lọ́dún 1926, sọ bẹ́ẹ̀ náà: bí ìbàjẹ́ bá hàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbẹrù, bí kò bá hàn, ẹ kọ ọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, wọ́n á kọ́kọ́ gbà pé ẹrù dé láìfọ́.

Òótọ́ ni, ọkọ̀ ilẹ̀ ni tiwa, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni. Kí ẹni tó ń fẹrù ránṣẹ́ ya fọ́tò páálí kó tó kúrò. Níbí, ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti lẹ téèpù míì lé ti tẹ́lẹ̀, ẹ mì í, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Bó bá wó, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí dẹ́rẹ́bà bá ń kánjú, ẹ má bá a kánjú.

Ajé á bá wa jókòó o. Ó dàbọ̀.