Eyín Iwájú Tó Kán Lẹ́nu Ọmọdé: Ìtàn Ìtọ́jú Rẹ̀, Láti Àṣà Ilé Dé Òpópónà Ìkòròdú

Kí ìmọ̀ ìṣègùn eyín ti òde òní tó dé Èkó, àwọn Yorùbá ti ní àṣà tiwọn nípa eyín ọmọdé. Orí òrùlé ni wọ́n ń ju eyín tí ọmọ kọ́kọ́ hù sí nígbà tí ó bá yọ, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé aláǹgbá kò gbọdọ̀ rí i, kí òmíràn má baà kọ̀ láti hù. Àṣà náà bá irú eyín bẹ́ẹ̀ mu, nítorí pé òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kan eyín iwájú tí ń hù ní nǹkan bí ọdún méje, èyí tí ọmọ yóò lò dé ọjọ́ ogbó. Àárín méjì irú eyín bẹ́ẹ̀ lókè ni èjí wà, ẹwà tí àwọn mìíràn fẹ́ràn débi pé wọ́n ń pa á, èyí ni pé wọ́n ń rin eyín kí àlàfo lè wà. Àwọn eyín wọ̀nyí kan náà ló sì ń kán jù, nítorí pé àwọn ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀ bí ọmọ bá ṣubú. Omi iyọ̀ àti orin ata lè fọ ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá eyín tó kán padà.

Ní 1945, Roy Ellis, oníṣègùn eyín ní Toronto, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń pín eyín ọmọdé tó fara pa sí ìsọ̀rí, àti bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Ìsọ̀rí kìíní ni kí èèpo funfun líle ti òde nìkan ṣá. Nínú ìkejì, ìpele abẹ́ rẹ̀, tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ti hàn síta, omi tútù yóò sì máa kan eyín ọmọ náà. Nínú ìkẹta, àmì pupa tín-ń-tín kan yọ láàárín ojú ibi tó kán, tí ẹ̀jẹ̀ sì lè máa sun níbẹ̀: ẹran inú eyín nìyẹn, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà nínú rẹ̀. Oníṣègùn a tún máa kan eyín náà díẹ̀díẹ̀, a sì ya àwòrán egungun rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá gbòǹgbò kán, àti bóyá ẹnu gbòǹgbò ọ̀hún ṣì là, bí ó ti máa ń rí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí eyín bá hù. Ohun tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé bí ẹran inú eyín bá kú, gbòǹgbò kò ní dàgbà mọ́. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Miomir Cvek ní Sweden ní 1978 fi níye lórí: ó fi hàn pé bí a bá gé kìkì ìwọ̀n mìlímítà méjì kúrò lójú ẹran tó hàn síta, tí a sì fi oògùn kálísíọ́ọ̀mù bò ó, ìyókù lè yè.

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín tí Yunifásítì Èkó dá sílẹ̀ ní Ìdí-Àràbà ní àwọn ọdún 1960, tí í ṣe àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ló mú irú ìmọ̀ yìí súnmọ́ àwọn ọmọ Kétu, Ìkòsí àti Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ eyín tó kán ni a kò tọ́jú, nítorí pé bí ìrora bá ti lọ, òbí tó ń jí lọ sọ́jà ní ìdájí yóò rò pé ọ̀ràn ti tán, títí eyín yóò fi dúdú. Ní ti ohun tó ń fa ìpalára, ní oṣù kẹsàn-án 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ fi Kosofe kún àwọn àgbègbè tí ọ̀kadà kò gbọdọ̀ ti ṣiṣẹ́. Ìyẹn dín ewu kan kù lójú pópó, ṣùgbọ́n kò kan àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ níbi tí àwọn ọmọ ti ń sáré.

Eyín tó yọ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ló gba ìkánjú jù. Ní 1966, Jens Andreasen àti ẹnìkejì rẹ̀ ní Copenhagen jábọ̀ lórí 110 eyín tí a dá padà sẹ́nu: nínú àwọn tí a dá padà kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara kò jẹ gbòǹgbò wọn run, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ju wákàtí méjì lọ, 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara jẹ gbòǹgbò wọn run. Ẹni tó bá mọ súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Òpópónà Ìkòròdú mọ̀ pé a kì í ti Kétu dé Ìdí-Àràbà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ọwọ́ olùkọ́ tó wà nítòsí ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀: kí ó di orí eyín mú, kí ó má fọwọ́ kan gbòǹgbò, kí ó ṣan án wéré, kí ó sì dá a padà sáyè rẹ̀, tàbí kí ó fi í sínú wàrà màlúù tútù títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.