WÁYÀ: OKÙN TÓ SO WÁ MỌ́ ILÉ

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò: wáyà. Òun la fi ń sá aṣọ, òun la fi ń ṣọgbà, òun ló ń gbé iná wọlé. Ṣùgbọ́n ó ní ìtàn láàrin àwa Yorùbá tó wà ní Zaria.

Ọdún 1886 ni wáyà abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di 1912, ojú irin Èkó ti pàdé ti Baro ní Minna, ó gba Zaria kọjá lọ sí Kano, òpó wáyà sì ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò wa gbà dé Sabon Gari.

Láti ìgbà náà, wáyà kì í ṣe irin tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan mọ́. Ó di iṣẹ́ tí a rán. Nítorí pé iye ọ̀rọ̀ la fi ń sanwó, àwọn ará ilé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀: "Bàbá ń ṣàìsàn. Máa bọ̀." Àgbà tó bá kà á ti mọ̀ pé bàbá ti lọ. Mo ṣì kéré nígbà tí irú rẹ̀ dé ilé wa. Bàbá mi kà á, ó ká a sápò, ó ní kí ìyá mi di ẹrù. Kí a tó délé, wọ́n ti sin bàbá àgbà.

Nígbà tí tẹlifóònù dé, Hausa di okùn rẹ̀ mú, wọ́n ní "buga waya", èyí ni pé kí a lu wáyà. Àwa di agogo rẹ̀ mú, a ní "tẹ̀ mí láago". Láti 2001 tí GSM ti dé, kò sí okùn lára fóònù ọwọ́ mọ́, síbẹ̀ Hausa ṣì ń pè é ní wayar hannu, wáyà ọwọ́.

Okùn lọ, orúkọ kò lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìdè náà lọ. A kì í ka ọ̀rọ̀ sanwó mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa mélòó ló mọ ohùn ìyá àgbà wọn nílé? Lọ́sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù tẹ àgbà kan láago, kí ó sì gbé fóònù náà fún ọmọ rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa gbóhùn ara wa sí rere. Àmín.