Orúkọ Ìlú Látìnì Lẹ́nu Àwọn Ẹ̀yà Jẹ́mánìkì Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ènìyàn bá wá bá ọmọ tí wọ́n ti sọ lórúkọ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ẹ̀yà Jẹ́mánìkì, baba ńlá àwọn tó ń sọ èdè Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì lónìí, nígbà tí wọ́n dé àwọn ìlú ìjọba Róòmù. Wọn kò pa orúkọ Látìnì tì. Ẹnu tiwọn ni wọ́n fi pè é.

Ní ọdún 50, ìlú kan létí odò Ráìnì di “colonia”, ìyẹn ìlú àwọn tó ní ẹ̀tọ́ ọmọ Róòmù. Colonia Claudia Ara Agrippinensium ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló dúró lẹ́nu aráàlú: òun ló di Köln. Ọ̀rọ̀ kan náà ló parí Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí í ṣe Lindum Colonia nígbà náà. “Castra”, ibùdó ọmọ ogun, di “ceaster”. Òun la ń gbọ́ nínú Manchester àti Winchester.

Orúkọ a tún máa jẹ́rìí sí ọjọ́ orí ara rẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà, ìró “t” yí padà di “ts” lẹ́nu àwọn tó wà ní ìhà gúúsù, èyí tí wọ́n ń fi “z” kọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀wá fi jẹ́ “ten” ní Gẹ̀ẹ́sì, tó sì jẹ́ “zehn” ní Jámánì. Ẹ wá wo Turicum tó di Zürich, Tabernae tó di Zabern, àti Confluentes, níbi tí odò Moselle ti pàdé Ráìnì, tó di Koblenz. Bí àwọn orúkọ wọ̀nyí bá wọlé lẹ́yìn ìyípadà náà ni, “t” wọn ì bá ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, a mọ̀ pé wọ́n ti wà lẹ́nu aráyé ṣáájú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìtumọ̀ ló yí ti Eboracum padà. Ní ọdún 71 ni àwọn ará Róòmù tẹ̀ ẹ́ dó, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò túmọ̀ sí ohunkóhun létí àwọn Áńgílì. Wọ́n fi “eofor”, ẹlẹ́dẹ̀ igbó, rọ́pò ìró tó jọ ọ́. Wọ́n fi “wic”, ibùgbé, kún un. Ó di Eoforwic. Àwọn Viking gba ìlú náà ní ọdún 866, wọ́n pè é ní Jórvík, ibẹ̀ sì ni York ti wá. “Wic” gan-an, láti inú “vicus” ti Látìnì ni wọ́n ti yá a.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ka irú àyípadà yìí sí àṣìpè. Londinium ni àwọn ará Róòmù ń pe Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Yorùbá fi ohùn sí orúkọ náà, tó sì fi fáwẹ̀lì parí rẹ̀, òfin èdè tirẹ̀ ló tẹ̀ lé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ìgbàanì ti tẹ̀ lé tiwọn.