Ohun Tó Mú Àrà Tuntun Bá Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́: Àpẹẹrẹ Àwọn Àgùdà Ìlú Èkó

Ìfáárà
Owó àti ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tó ń mú kí ilé-iṣẹ́ àwọn kọ́lékọ́lé dá àrà tuntun kí iṣẹ́ wọn sì múná dóko. Àpilẹ̀kọ yìí gbé ìtàn àwọn Àgùdà yẹ̀ wò láti fi hàn pé ìmọ̀ tí ọ̀gá fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ni òpó tó gbé àwọn ohun yòókù ró.

Ìpadàbọ̀ Àwọn Àgùdà
Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí tó wáyé ní Bàhíà, ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba òmìnira padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó gúnlẹ̀ sí Èkó tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Bíríkìlà, káfíńtà àti oníṣẹ́ ọnà wà lára wọn. Níbi tí ó jẹ́ pé amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri ọ̀pọ̀ ilé, tí wọ́n sì ń fi koríko tàbí ewé bò ó, àwọn Àgùdà mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alábíríkì dé, pẹ̀lú fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè.

Àwọn Ohun Tó Gbé Iṣẹ́ Wọn Lárugẹ
Èkíní ni àwọn oníbàárà. Òwò tó gbèrú ní Èkó sọ àwọn oníṣòwò di ọlọ́rọ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ilé tí yóò fi iyì wọn hàn. Irú rẹ̀ ni ilé João Esan da Rocha ní òpópónà Kakawa, tí kànga inú rẹ̀ sọ di Ilé Omi.

Èkejì ni àìfi ẹ̀sìn ṣe odi. Mohammed Shitta Bey, oníṣòwò Mùsùlùmí, gbé iṣẹ́ mọ́sálásí rẹ̀ fún João Baptista da Costa, tí í ṣe Àgùdà. Wọ́n ṣí mọ́sálásí náà ní ọdún 1894, ọnà Bùràsíìlì sì hàn kedere lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tó ṣe kókó jù, ni ẹ̀kọ́ṣẹ́. Sanusi Aka, tí í ṣe Mùsùlùmí, bá da Costa ṣiṣẹ́ mọ́sálásí yìí. Irú ìbáṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ìmọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn Àgùdà nìkan, tí ó fi tàn dé Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀, àwọn kọ́lékọ́lé kò dúró de bíríkì. Wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì la ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn sáàárín iyàrá ọ̀tún àti ti òsì dípò àgbàlá inú agbo ilé. Ìmọ̀ àjèjì di àrà ìbílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Ní ọdún 1956 ni ìjọba sọ Ilojo Bar, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855, di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ilé lè wó, ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ bá wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, wọn yóò tún un kọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn àti ti iṣẹ́ ọwọ́ fọwọ́sowọ́pọ̀, kí àwọn agbaṣẹ́ṣe sì gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ra. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.