Concorde ní Dakar

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1976 ni ọkọ̀ òfuurufú Concorde gbé èrò láti Paris lọ sí Rio. Ó bà sí Dakar lọ́nà. Epo ni ó wá mu. Eré rẹ̀ tó ìlọ́po méjì eré ohùn: yóò ti kọjá lórí ẹni kí a tó gbọ́ ariwo rẹ̀! Ṣùgbọ́n epo tí ó ń mu pọ̀ jù, owó rẹ̀ sì ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Ọ̀nà Dakar parí ní 1982. Ní 2000, ọ̀kan já lulẹ̀ lẹ́bàá Paris, ènìyàn 113 kú. Ní 2003, gbogbo wọn fẹ̀yìn tì.

Ní 2025, ọkọ̀ kékeré kan, XB-1, tún sáré ju ohùn lọ ní Amẹ́ríkà. Àwa ará Ado-Ekiti, tí a ń lọ wọkọ̀ òfuurufú ní Àkúrẹ́ kí wọ́n tó ṣí pápá tiwa, iye owó rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ bèèrè.