Ẹni Tó Mọ Iyì Wúrà: Ọ̀rọ̀ Ẹnu Oníbàárà Nínú Ìtàn Ọ̀ṣọ́ ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, tí Ọ̀wọ̀ ń ṣe ọdún Ìgogo ní ìrántí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, ìlù kì í dún nílùú. Agogo ni wọ́n fi ń jó, fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a dirun bí obìnrin, a sì jáde pẹ̀lú iyùn lára. Ọdún tí ojú gbogbo ènìyàn ń wà lára ọ̀ṣọ́ ni. Ẹni tó bá wọ ayédèrú iyùn dé irú agbo bẹ́ẹ̀, kò ní mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

Irú ìtìjú yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ọ̀ṣọ́ lóde òní ń ráhùn nípa rẹ̀. Àwòrán iyùn ni wọ́n rí lórí fóònù, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ọlọ́kọ̀ gbé dé. Góòlù ni wọ́n sanwó fún, kò tó oṣù kan tí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí bí ọ̀dà ara ògiri. Wọ́n á pòṣé, wọ́n á ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí ló jẹ wá lógún, nítorí ìtàn fi hàn pé àwọn baba ńlá wa kì í dákẹ́ lórí ohun tí wọ́n fi owó wọn rà.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni iṣẹ́ àwọn agbẹ́ eyín erin Ọ̀wọ̀ ti ní iyì púpọ̀. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni ẹ̀gbà ọwọ́ tí ó jẹ́ òrùka gbọọrọ méjì, tí ọ̀kan wà nínú èkejì, tí a sì gbẹ́ méjèèjì láti ara eyín erin kan ṣoṣo láìsí oríkèé. Ẹni tó bá yí i lọ́wọ́ yóò rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọba àti àwọn ìjòyè ni oníbàárà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ọwọ́ àwọn agbẹ́ Ọ̀wọ̀ dé ààfin Bìní pàápàá. Níbi tí ojú oníbàárà bá ti le tó báyìí, ọwọ́ oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ gọ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ rí. Kí Potogí tó dé ni wọ́n ti ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, atukọ̀ Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ilẹ̀ òun ń ra ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró ní àwọn odò agbègbè Bìní, wọ́n sì ń kó o lọ sí Elmina, ní ilẹ̀ Gánà òde òní, láti fi gba wúrà. Ẹ wò ó: àwọn tó ti òkè òkun kó ọjà wá ni wọ́n tún ń ra ọjà lọ́wọ́ wa, torí pé ohun tí oníbàárà Elmina fẹ́ nìyẹn.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Moses Lewin Levin, oníṣòwò ìlẹ̀kẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, to ìlẹ̀kẹ̀ sára páálí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ohun tí ó ń tà sí Áfíríkà láàárín ọdún 1851 sí 1863. Àwọn páálí náà wà ní British Museum títí di òní. Irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ pọn dandan, nítorí àwọ̀ àti ìrísí tí wọ́n bá fẹ́ ní ìlú kan lè di ẹrù kíkú ní ìlú kejì. Ohun tí ìyá oníbàárà bá sọ ní ọjà nílẹ̀ wa ni yóò padà di iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ ní Fẹ́nísì.

Ní ti iyùn, inú òkun tó wà láàárín Yúróòpù àti Àríwá Áfíríkà ni èyí tó lókìkí jù ti wá. Àwọn Potogí kó o dé Bìní, láti Bìní ni ó sì ti ń wọ inú ilẹ̀. Ẹni tó bá ti Bìní bọ̀ sí Ọ̀wọ̀ lónìí, ilẹ̀ Ọ̀sẹ́ ni yóò gbà, yóò sì bá Ìfọ́n lọ́nà. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ojú àwọn àgbà agbègbè yìí mọ ìlẹ̀kẹ̀ dáadáa. Iyùn tòótọ́ wúwo lọ́wọ́, ó sì tutù. Ike fúyẹ́, kì í sì í pẹ́ móoru. Sẹ̀gi àtijọ́ a máa jẹ́ aláwọ̀ aró lójú lásán, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ ewé ni yóò yọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ ra ọ̀ṣọ́ ìyàwó fi ń mú àgbà tó mojú ìlẹ̀kẹ̀ dání lọ sọ́jà.

Kí ló wá yí padà? Ojú ni wọ́n fi ń rí ọlọ́jà nígbà náà. Bó bá ta ayédèrú lónìí, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni ìyàwó ilé tó rà á yóò dúró síwájú ìsọ̀ rẹ̀, tí gbogbo ọjà yóò gbọ́. Lónìí, ọlọ́jà lè wà ní ìlú tí a kò dé rí, kó sì ti yí orúkọ padà kí ẹjọ́ tó dé etí rẹ̀. Àgbà tó mojú ìlẹ̀kẹ̀ kò sì lè fọwọ́ kan àwòrán.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé oníbàárà kò ní ẹ̀tọ́. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà bí kò bá bá àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi tà á mu. Ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá dákẹ́. Ẹ̀yin ará wa ní Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n, Ìdó-Àní àti gbogbo agbègbè, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti àwòrán tí wọ́n fi pè yín wá ra ọjà. Bó bá dára, ẹ yin ọlọ́jà, kí àwọn ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n. Bí kò bá dára, ẹ sọ ọ́ jáde, kí ó má bàa bá aládùúgbò yín.

Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ẹni tó mọ iyì rẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá tà bàbà fún un.